Ìwòsàn Ọ̀fẹ́ fún Mẹ̀kúnnù: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé aboyún tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní sanwó mọ́ bó bá di dandan kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Àjọ tó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera, ìyẹn NHIA, ni yóò máa san owó náà. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, ó sì yẹ kó dùn, torí kò sí àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti gbọ́ ìtàn aboyún tí wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ lọ wá owó wá kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ibi tí wọ́n ti ń kéde ọ̀rọ̀ ní Àbújá dé ẹnu fèrèsé tí wọ́n ti ń gbowó nílé ìwòsàn. Ta ni yóò sọ pé tálákà ni obìnrin yìí, tọ̀hún kì í ṣe tálákà? Ìgbà wo ni yóò sọ ọ́? Bí ilé ìwòsàn bá sì ti lo oògùn, ẹ̀jẹ̀, òwú àti okùn ìránṣọ-ara tán, ta ni yóò dá owó rẹ̀ padà fún wọn, ní ọjọ́ wo?

Àwọn ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju ìkéde náà lọ, kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń bá wọn fà á. Lójú tèmi, ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló wúwo jù. Òun náà sì ni àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń jáde báyìí. Nínú gbogbo owó tí a ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ẹni tó bá ti gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn ìjọba mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó ra káàdì. Ẹ ó sanwó àyẹ̀wò. Dókítà á kọ oògùn, wọ́n á ní kò sí nílẹ̀, kí ẹ lọ rà á níta. Aboyún á gba lísìtì ohun tó máa gbé wá: ìbọ̀wọ́, òwú, páàdì, Dettol, Jik, abẹ́rẹ́, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ, wọ́n á béèrè dípósítì. Ohun tó ń dẹ́rù ba mẹ̀kúnnù jù nínú gbogbo èyí ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún un láti ilé pé iye báyìí ni yóò ná òun. Ẹni tí kò mọ iye tí yóò san á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tàbí ìyá alágbo, yóò máa fi ọjọ́ kan sún ọjọ́ kejì. Ìgbà tí àìsàn bá gbilẹ̀ tán ni wọ́n á tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, owó tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú ibà lásán á wá di owó ẹ̀jẹ̀ àti owó bẹ́ẹ̀dì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Láàárín 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára àwọn ètò mẹ́rin pàtàkì tí ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé dé àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso: Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Bendel. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, ara ẹ̀sùn tí Sani Abacha kà lórí rédíò ni pé ilé ìwòsàn káàkiri orílẹ̀-èdè ti di ibi tí dókítà kàn ti ń yẹ èèyàn wò, tí kò sí oògùn, tí kò sí omi, tí kò sí irinṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá àwáwí láti gba ìjọba ni, síbẹ̀ irọ́ kọ́ ni. Owó epo ti já wálẹ̀, àpò ìjọba ti gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ti di orúkọ lásán níbi púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, dé ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní 1987, Báńkì Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tó gba àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rọ́wọ́ họrí nímọ̀ràn pé kí aláìsàn máa dá owó sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, olú-ìlú Mali, pẹ̀lú UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé kí ilé ìwòsàn abúlé máa ta oògùn tó ṣe kókó pẹ̀lú èrè díẹ̀, kí ìgbìmọ̀ abúlé fúnra wọn máa tọ́jú owó náà, kí wọ́n sì fi ra oògùn mìíràn. Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera Nàìjíríà nígbà náà, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ jà fún ilé ìwòsàn alábọ́dé, gba ètò náà wọlé.

Àwọn tó ń sọ pé ètò Bamako ló dá gbogbo ìyà yìí sílẹ̀ kò sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilẹ̀ Benin lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò, ní Pahou, kó tó di pé wọ́n gbé e dé Bamako. Níbẹ̀, oògùn tó ti ṣọ̀wọ́n padà sórí pẹpẹ ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sì pọ̀ sí i. Fún ẹni tó ti máa ń wọkọ̀ lọ ra oògùn lọ́jà tẹ́lẹ̀, owó tó ń san nínú abúlé rẹ̀ kéré sí èyí tó ń ná tẹ́lẹ̀. Ohun tí ètò náà kò rí ojútùú sí ni ẹni tí kò ní rárá. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ abúlé máa yọ̀ǹda owó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oògùn kan náà tí ìgbìmọ̀ ní lọ́wọ́ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣàánú ẹnì kan, oògùn tí wọ́n á rí rà lóṣù tó ń bọ̀ á dínkù. Nítorí náà, ìwọ̀nba ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún, àwọn tí wọ́n sì yọ̀ǹda fún kì í sábà jẹ́ àwọn tó tòṣì jù.

Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Yíyọ̀ǹda owó fún tálákà láìwá ẹni tí yóò san án dúró dè é jẹ́ gbígbé ẹrù ìjọba lé nọ́ọ̀sì lórí. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń wo àpótí ìbọ̀wọ́ tó ń tán lọ, òun náà ló ń wo ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀. Bó bá ṣàánú lónìí, bó bá ṣàánú lọ́la, tó bá di ọ̀tunla kò ní sí ohun tí yóò fi ṣàánú mọ́. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le.

Ghana jẹ́rìí sí i. Ní 2003, wọ́n ní kí àwọn aboyún má sanwó ìgbẹ̀bí mọ́ ní àwọn ẹkùn mẹ́rin tó tòṣì jù lórílẹ̀-èdè náà. Ní 2005 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé àwọn ẹkùn yòókù. Aboyún tó ń wá bímọ nílé ìwòsàn pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kò tó, kì í sì í dé lásìkò, gbèsè wá kó sórí àwọn ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ àwọn aboyún padà. Wọ́n ní láti dúró di oṣù keje ọdún 2008, nígbà tí wọ́n fi ìtọ́jú aboyún sábẹ́ ètò adójútòfò orílẹ̀-èdè náà, èyí tó ní owó-orí tirẹ̀ tó ń wọlé láti ara ọjà tí èèyàn ń rà. Ní ilẹ̀ Benin, ní ọdún 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 100,000 fàráǹsì CFA fún ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn hàn, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìwádìí fi hàn pé àwọn aboyún kan ṣì ń san owó kan látọwọ́ ara wọn níbẹ̀.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, ṣé kò kúkú yẹ kí a fagi lé owó náà pátápátá fún tolówó-tálákà? Uganda ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001, nígbà tí ìdìbò ààrẹ wà nílẹ̀. Kìkì wọ́ọ̀dù àwọn tó fẹ́ ìtọ́jú àkànṣe ni wọ́n ṣì ti ń gbowó. Èrò ya lọ sílé ìwòsàn, tálákà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Èyí ti fi hàn pé owó ni odi tó dí wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n oògùn kò pọ̀ tó èrò. Nígbà tí ó tán, wọ́n ń ní kí àwọn èèyàn lọ rà á níta, ìnáwó ńlá tó ń wó ilé tálákà kò sì lọ sílẹ̀ bí a ṣe retí. Mo fara mọ́ ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àmọ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní owó lẹ́yìn kàn ń gbé fèrèsé ìsanwó kúrò nílé ìwòsàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ni.

Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó kékeré kì í lé èèyàn. Ní Kenya, àwọn olùṣèwádìí fún àwọn aboyún kan ní àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tà á fún àwọn mìíràn ní iye tí kò ju 60 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà lọ. Láti orí ọ̀fẹ́ dé orí 60 sẹ́ǹtì yẹn, àwọn tó gbà á fi nǹkan bí 60 dínkù nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìlú Nairobi, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní 1989 ní ilé ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn ìbálòpọ̀, àwọn tó ń wá já wálẹ̀, lákòókò tí àrùn HIV ń gbilẹ̀. Ẹni tí kò bá wá gba ìtọ́jú irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò ní fi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Gbogbo wàhálà yìí sì ni iye tí ìjọba ń rí níbẹ̀ kéré jọjọ: nínú ìnáwó ọdọọdún lórí ìlera ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó gbé ètò gbígbowó lọ́wọ́ aláìsàn kalẹ̀ nígbà náà, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó ọwọ́ aláìsàn ń mú wá.

Orílẹ̀-èdè tí mo rò pé ó sún mọ́ ìdáhùn jù ni Cambodia, tí ogun ti run ilé ìwòsàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1996, wọ́n gba àwọn ilé ìwòsàn láyè láti máa gbowó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé kí tálákà má san. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà: kò sẹ́ni tó ń dá owó tálákà padà, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì yọ̀ǹda fún púpọ̀. Ní ọdún 2000, ní agbègbè Sotnikum àti Thmar Pouk, wọ́n dán ọ̀nà mìíràn wò. Wọ́n kó owó jọ sọ́wọ́ àjọ kan tí kì í ṣe ilé ìwòsàn, tí kì í sì í ṣe aláìsàn. Bí tálákà bá dé, àjọ yẹn ni yóò san owó rẹ̀ pé pérépéré. Yóò fún un ní owó ọkọ̀, yóò sì bọ́ ẹni tó ń ṣètọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ohun tí èyí yí padà. Tálákà tó jẹ́ àdánù lójú ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí owó rẹ̀ dájú ju ti ẹlòmíràn lọ. Nọ́ọ̀sì kò ní ìdí kankan mọ́ láti lé e. Ètò náà sì ní aṣojú tó ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá wọ́n gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá oko ní Ìbàràpá tàbí létí odò ní Ìlàjẹ lè ná owó ọkadà tàbí owó ọkọ̀ ojú omi tó ju owó káàdì lọ kó tó dé ilé ìwòsàn ńlá. Bí ìtọ́jú bá jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kò sì rówó dé ibẹ̀, kò tíì rí ọ̀fẹ́ kankan gbà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ tálákà ní Cambodia tún dára láti gbé yẹ̀ wò. Àwọn ará abúlé ló ń yan àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú àwọn ìbéèrè kan náà fún gbogbo èèyàn: irú òrùlé wo, ilẹ̀ mélòó, ta ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ gbangba. Ẹni tó bá rò pé wọ́n fo òun dá tàbí pé wọ́n kọ orúkọ ẹni tí kò yẹ á fi ẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fún ìdílé ní káàdì. Ẹni tí wọ́n bá fò dá lábúlé ṣì lè rí ẹni fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nílé ìwòsàn. Ètò náà kò pé: ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ṣì ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan hàn wá.

Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni ohun tí àwọn tó ń ṣètò ìwòsàn kì í fi sí ìṣirò. Ìyá arúgbó kan kò ní dìde láàárín èrò kó sọ fún ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ létí fèrèsé pé òun ò lówó. Yóò kàn dìde jẹ́ẹ́, yóò máa lọ sílé. Bí a bá ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní tálákà lọ́jọ́ tí ara ń ro ó, ẹni tí ojú ń tì jù ni a ó pàdánù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí nọ́ńbà tàbí káàdì rẹ̀ sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó fi owó ara rẹ̀ wọ ètò adójútòfò. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà má lè mọ ìyàtọ̀.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, síbẹ̀ inú ètò ìṣúná 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ fara hàn dáadáa. Òfin NHIA, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Òfin ètò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó, tó bí ètò adójútòfò Ilera Eko, náà ní kí ìjọba máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè san. Ohun tó kù ni owó tó ń dé lóṣooṣù, àti orúkọ tó ṣe é gbára lé. Lórí orúkọ, àwọn gómìnà fúnra wọn ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ní oṣù keje ọdún 2023 sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìwé orúkọ àwọn tálákà tí ìjọba àpapọ̀ ní lọ́wọ́, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe tirẹ̀. Ìwé orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò lẹ̀ mọ́ gbangba ní wọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀, báwo la ṣe máa fọkàn tán an?

Àwọn ará Kwara mọ bó ṣe ń rí bí owó bá dáwọ́ dúró. Láti 2007, ní Shonga àti àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ ń dá owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún, àjọ kan láti Netherlands àti ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń san èyí tó pọ̀ jù. Ìwádìí fi hàn pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀ níbi tí ètò náà dé. Ní 2016, ètò náà dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn padà sí fífi owó ọwọ́ wọn san.

Bí mo bá ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìtọ́jú kan wà tí n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ lé lórí, olówó tàbí tálákà: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí, ibà ọmọdé, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti HIV. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe èyí tó jẹ mọ́ aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ètò Abiyẹ́ nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò láti 2009, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe é ṣe. Fún ìyókù, iye kan ṣoṣo ni kí èèyàn san fún àìsàn kan, káàdì, àyẹ̀wò àti oògùn pa pọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kí aláìsàn ti mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé. Kí owó tí ilé ìwòsàn alábọ́dé bá gbà sì dúró síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá ń ka owó aláìsàn mọ́ owó tó ń wọlé sápò ìjọba ń bu owó-orí lé ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí èèyàn lè pè é.

Ní ti pàjáwìrì, òfin 2014 yẹn ti sọ ọ́ tán: ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu, fún ìdí yòówù kó jẹ́, lè san 100,000 náírà owó ìtanràn tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ gbára, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà náà sọ pé kí wọ́n gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé, bó san dípósítì, bí kò san. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ nípa ìyá tó ti bímọ tán tí wọ́n sé mọ́ wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ torí gbèsè, tí owó bẹ́ẹ̀dì sì ń gorí gbèsè yẹn lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta iṣu lórí àtẹ kò lè ti inú wọ́ọ̀dù ta á. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ wà fún pàjáwìrì nínú òfin kan náà. Bí ilé ìwòsàn bá mọ̀ pé òun lè kọ̀wé béèrè owó yẹn, kí ó sì tẹ òun lọ́wọ́ láàárín oṣù kan, kò ní sí ìdí láti ti ilẹ̀kùn mọ́ abiyamọ.

Nítorí náà, bí ìjọba bá tún kéde pé nǹkan kan ti di ọ̀fẹ́, ohun tó yẹ kí àwa ará ìlú àti àwọn akọ̀ròyìn máa béèrè ni iye tí wọ́n á san fún ilé ìwòsàn lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, àpò tí yóò ti wá, àti ọjọ́ tí yóò dé. Kí wọ́n tẹ orúkọ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan síta lóṣooṣù pẹ̀lú iye tí wọ́n san fún un àti iye tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́. Kí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, tó ti wà nílẹ̀ lórí ìwé ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, gba ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn alábọ́dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ìdílé tí wọ́n ti sanwó fún.